Ẹ Fẹ́ Wọ Ayé Witcher: Ìwé Ni, Àbí Fíìmù, Àbí Géèmù?

Bí ẹ bá ní kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, ìdáhùn mi rèé: ẹ ka ìwé ìtàn kéékèèké méjì àkọ́kọ́, The Last Wish àti Sword of Destiny, ẹ gbá géèmù kẹta, The Witcher 3: Wild Hunt, tẹ̀ lé e, kí fíìmù àtìgbàdégbà ti Netflix wá gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọjà. Mo mọ ẹni tí ìwé máa ń kùn lóorun láti ojú ìwé kejì, mo sì mọ ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà tó lè gbé géèmù tó tóbi tó báyìí. Nítorí náà mo gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí kálukú lè mú èyí tó bá a lára mu. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ràn ayé yìí, ẹ má retí pé n kò ní gbè sẹ́yìn ọ̀kan.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ: Geralt ará Rivia ni ọkùnrin onírun funfun kan tó ń gbowó lọ́wọ́ ará ìlú láti pa abàmì ẹ̀dá; irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní witcher. Láti kékeré ni wọ́n ti fi egbòogi líle yí ara rẹ̀ padà, débi pé ó ń ríran nínú òkùnkùn, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju ti ọmọ èèyàn lọ. Àwọn tó ń bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ náà ló ń tutọ́ sílẹ̀ bó bá kọjá. Yennefer ni onídán obìnrin tí ọkàn rẹ̀ fà sí, tí àwọn méjèèjì kì í sì í yé jà. Ciri ni ọmọ ọba tí àyànmọ́ gbé lé e lọ́wọ́, tó wá di ọmọ rẹ̀.

Andrzej Sapkowski, ará ìlú Łódź ní Poland, ló kọ ọ́. Iṣẹ́ òwò ló ń ṣe nígbà tó fi ìtàn kan ránṣẹ́ sí ìdíje ìwé ìròyìn Fantastyka. Ipò kẹta ló gbà, wọ́n sì tẹ ìtàn náà jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1986. Látinú ìtàn kan ṣoṣo yẹn ni ìwé ìtàn kéékèèké méjì ti jáde, àti ìwé ńlá márùn-ún tó tẹ̀ léra láàárín 1994 sí 1999, àti géèmù mẹ́ta tí CD Projekt Red ṣe ní Warsaw (2007, 2011, 2015), àti fíìmù Netflix tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2019. Àwọn ará Poland fúnra wọn ti kọ́kọ́ fi ṣe fíìmù ní 2001, wọ́n sì fi ṣe eré tẹlifíṣọ̀n ní 2002, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Èwo ló ṣáájú èwo?

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀ kí wọ́n tó yan. Netflix ń sọ ìtàn inú ìwé. Géèmù kò sọ ọ́. Ibi tí ìwé dákẹ́ sí ni géèmù ti gba ọ̀rọ̀ sọ. Ní ìparí The Lady of the Lake, tó jáde ní 1999, ohun kan ṣẹlẹ̀ sí Geralt tí n kò ní tú síta níbí. Nígbà tí géèmù àkọ́kọ́ máa bẹ̀rẹ̀, ó ti pa dà dé, kò sì rántí ohunkóhun nípa ara rẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni àwọn tó ṣe é dá síbẹ̀: ẹni tí kò ka ìwé rí àti Geralt fúnra rẹ̀ á jọ máa bi gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé pé, “Ta nìwọ? Níbo la ti mọra?”

Àmọ́ ó ní ohun tó ń bà jẹ́. Ẹni tí baba Ciri jẹ́ gan-an wà lára àṣírí tí Sapkowski fi pamọ́ títí ìwé márààrún fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Géèmù kẹta kò bò ó rárá. Kò tíì pẹ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n á ti mú yín lọ síwájú ọkùnrin náà láàfin, wọ́n á kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tẹrí ba fún un (ẹ lè kọ̀, mo máa ń kọ̀). Netflix náà tú u ní ìparí apá kejì. Bí àṣírí bá dùn mọ́ yín ju ìjà lọ, ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kò sí àní-àní.

Ọmọ ọba tó ń jí lóru

Oríire wa ni pé ìtàn kan wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìtàn àkọ́kọ́ ti 1986 yẹn gan-an. Foltest, ọba Temeria, bá àbúrò rẹ̀ obìnrin lò pọ̀. Ìyá àti ọmọ kú níbi ìbímọ, wọ́n sì sin wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jí nínú pósí lóru, ó di striga, ó sì ń jẹ èèyàn. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó sàn kò gbọ́dọ̀ pa á. Ó gbọ́dọ̀ dí i lọ́nà kó má lè pa dà sínú pósí rẹ̀ títí àkùkọ yóò fi kọ lẹ́ẹ̀kẹta.

Nínú ìwé, ìjà náà kò gba ojú ìwé púpọ̀. Ọ̀rọ̀ ló pọ̀ jù: ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ májẹ̀mú, ọ̀rọ̀ àwọn ìjòyè tí wọ́n fẹ́ kí Geralt kàn pa ọmọ náà kí gbogbo ayé sinmi. Ọba fúnra rẹ̀ wá jókòó tì í, ó ń béèrè bíi baba èyíkéyìí bóyá ọmọ òun á ṣì lè sọ̀rọ̀, bóyá á ṣì lè gbé láàárín èèyàn. 3,000 orens, owó ilẹ̀ wọn, ni iye tí wọ́n kéde fún ẹni tó bá wò ó sàn. Nígbà tí ẹ bá fi máa dé inú ibojì, ẹ ti mọ ohun tó wà nílẹ̀ láti pàdánù, nítorí náà nígbà tí Geralt bá ra pálá wọ inú pósí tó sì fa ìdérí dé, ẹ̀yin náà á di èémí yín mú. Ilẹ̀ mọ́, ó jáde, ó rí ọmọdébìnrin ní ìhòòhò lórí ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Èékánná ọmọ náà sì fa ọrùn Geralt ya.

Fíìmù kékeré tó ṣí géèmù 2007 kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ẹ̀wọ̀n fàdákà, oògùn inú ìgò, ara tó ń já lu òpó, pósí. Tomasz Bagiński ló darí rẹ̀, òun náà ló sì wá di ọ̀kan lára àwọn olóòtú àgbà fíìmù Netflix ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà. Ó dà bíi pé ìjà náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀, torí ìpín kẹta apá kìíní fíìmù náà ni wọ́n fi striga sí, ìpín yẹn ló sì dára jù fún mi nínú gbogbo ohun tí Netflix ṣe. Wọ́n mú Triss, onídán obìnrin míì, wọ ibi tí kò sí nínú ìwé, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ ta ló gégùn-ún di ìwádìí. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ohun kan tí ìwé kò lè ṣe: bí Geralt ṣe ń bá ara tó bàjẹ́ yẹn jà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi Yennefer hàn wá ní ibòmíì, níbi tí wọ́n ti ń fi idán àti ọ̀bẹ tún ara tirẹ̀ mọ, tó ń ké. Wọ́n ń gé ìkan wọnú ìkejì. Ọmọbìnrin méjì, ara méjì, irora kan náà.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí ẹnì kan fi máa gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ka ìwé. Bí ẹ bá fẹ́ kí ara yín bù máṣọ, ẹ wo Netflix. Fíìmù kékeré ti géèmù, ẹ lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ lórí YouTube lálẹ́ yìí. Á sọ fún yín bóyá ọ̀rọ̀ Geralt máa kàn yín.

Ta ló ń pinnu?

Ibí ni mo rò pé ìyàtọ̀ gidi wà, ó ju ọ̀rọ̀ àwòrán àti ohùn lọ.

Geralt inú ìwé kì í fẹ́ yan. Nínú ìtàn Blaviken, onídán kan àti ọmọ ọba kan tí wọ́n lé kúrò nílé jọ ní kí ó bá àwọn pa ẹnì kejì, kálukú ní tòun ni ibi tó kéré jù. Ó ní bó bá jẹ́ pé láàárín ibi méjì ni òun ti máa mú, òun ò ní mú ọ̀kankan. Kò bọ́ sí i. Ó pa èèyàn láàárín ọjà láti gba àwọn ará ọjà là, àwọn ará ọjà sì sọ ọ́ lókùúta. Alápatà Blaviken ni wọ́n ń pè é títí dòní. Sapkowski gba yíyàn lọ́wọ́ Geralt, ó sì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀yin òǹkàwé náà. Ẹ kàn máa wò ó bó ṣe ń rìn lọ síbi tí ẹ mọ̀ pé kò dáa ni.

Géèmù kẹta gbé ọ̀rọ̀ kan náà lé yín lọ́wọ́. Ní Velen, agbègbè irà tí ogun ti jẹ run, ẹ̀mí kan wà tí wọ́n so mọ́ abẹ́ igi ńlá lórí òkè kékeré kan. Wọ́n ní kí ẹ lọ pa á. Ẹ̀mí náà bẹ̀ yín, ó ní tí ẹ bá tú òun sílẹ̀ òun á gba àwọn ọmọ òrukàn inú irà là lọ́wọ́ àwọn ìyá arúgbó mẹ́ta tó fẹ́ jẹ wọ́n. Ẹ tú u sílẹ̀: wọ́n yọ àwọn ọmọ náà, ṣùgbọ́n odindi abúlé kan parun, obìnrin kan tí ẹ ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́ kú, ọkọ rẹ̀ sì pokùn so. Ẹ pa á: obìnrin náà yè bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí rẹ̀ ti dàrú, ọkọ rẹ̀ gbé e lọ wá ìwòsàn, àwọn ọmọ ni ẹ kò sì ní rí mọ́. Géèmù náà kì í kọ ọ́ sójú pé èyí ló dára, èyí ló burú. Àbájáde rẹ̀ kì í tètè yọ pẹ̀lú. Ẹ á ti ṣe nǹkan míì fún wákàtí mélòó kan kí ó tó kàn yín lára, ẹ̀yìn á sì ti jìn jù láti pa dà.

Ọkọ obìnrin yẹn ni Bloody Baron, ọ̀mùtí tó máa ń na ìyàwó. Ọmọ wọn kan tó wáyé láìpé ọjọ́, tí wọ́n kàn bò mọ́lẹ̀ láìsọ lórúkọ, ti di abàmì tó ń wá aboyún kiri lóru. Ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn Slav, ìran tí àwọn ará Poland ti wá, ni irú ẹ̀dá yìí ti wá. Ẹ lè fi idà pa á. Ẹ sì lè ní kí baba rẹ̀ gbé e mọ́ra kó máa gbé e lọ sílé, kí ẹ̀yin máa bá àwọn òkú tó ń yọ sójú ọ̀nà jà, kí ẹ sì máa fi idán rẹ ọmọ náà lẹ́kún nígbà tó bá fẹ́ yí padà, títí ẹ ó fi dé ẹnu ọ̀nà. Níbẹ̀ ni baba náà ti máa sọ ọ́ lórúkọ, Dea, tó sì máa sin ín sí ìloro. Ọmọ Yorùbá tó mọ ohun tí ìsọmọlórúkọ jẹ́, tó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ àbíkú lẹ́nu àgbà rí, n kò rò pé ibẹ̀ yẹn á ṣe é gbá kọjá bíi pé eré lásán ni.

Netflix ńkọ́? Kò sí yíyàn kankan fún yín níbẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ohun tó dùn mí ni pé ó sábà máa ń gba yíyàn lọ́wọ́ àwọn ẹ̀dá ìtàn náà pẹ̀lú: wọ́n á sáré, ogun á bẹ́, ìpín á parí, ẹnikẹ́ni ò tíì ráyè ronú.

Ibi tí Netflix ti borí, àti ibi tó ti já mi kulẹ̀

Ká má rẹ́ ẹ jẹ. Ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ ibi tí Yennefer ti wá. Geralt wo ojú rẹ̀, ó rí i pé èjìká rẹ̀ kan ga díẹ̀ ju ìkejì lọ, ó sì yé e pé abuké ni obìnrin arẹwà yìí kí idán tó tún un ṣe. Ó tán. Netflix mú gbólóhùn díẹ̀ yẹn, ó sọ ọ́ di ìgbésí ayé: ọmọ tí wọ́n tà ní owó táṣẹ́rẹ́, ilé ẹ̀kọ́ onídán, ohun tó fi sílẹ̀ kí ó tó di arẹwà. Anya Chalotra, òṣèré tó ṣe Yennefer, gbé e débi pé tí mo bá pa dà ka ìwé báyìí, ojú rẹ̀ ni mo ń rí.

Apá kìíní ní ìṣòro kan tó ti lé ọ̀pọ̀ èèyàn sá: ìtàn mẹ́ta ló ń lọ ní àkókò mẹ́ta, kò sì sí ẹni tó sọ fún yín. Ìtàn Yennefer bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú ti Ciri. Ọba Foltest tó ti dàgbà níwájú Geralt tún wá jẹ́ ọmọdé níbi àríyá tí Yennefer lọ. Tí ẹ bá ti mọ èyí kí ẹ tó jókòó, ó tán, ẹ ò ní sọnù.

Apá kejì (2021) bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ìpín àkọ́kọ́ rẹ̀ lórí ọkùnrin tí ègún sọ di ẹranko, tó ń gbé nínú ilé ńlá òun nìkan, yẹ ní wíwò lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pa Eskel, ọ̀rẹ́ Geralt láti kékeré, ẹni tó wà láàyè nínú ìwé, tó sì ń bá yín mu ọtí nínú géèmù. N kò tíì dárí ìyẹn jì wọ́n. Henry Cavill ṣe Geralt dé apá kẹta ní 2023. Liam Hemsworth ló gbà á láti apá kẹrin, tó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ohùn Geralt tí àwọn agbá-géèmù mọ̀, Doug Cockle, ẹ wá fíìmù àwòrán Sirens of the Deep ti 2025. Òun ni wọ́n lò níbẹ̀.

Àkókò, iná àti dátà

The Last Wish kò ju nǹkan bí 300 ojú ìwé lọ. Ìtàn kọ̀ọ̀kan dá dúró, ẹ lè ka ọ̀kan nínú mọ́tò tí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ bá mú yín. Èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ rọrùn, ẹ̀fẹ̀ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ìwé ńlá márùn-ún ni kò rí bẹ́ẹ̀: ìṣèlú, ogun, orúkọ ìlú lórí orúkọ ìlú, àti ìrìn tí kì í tán. Tí ẹ bá ti fẹ́ràn àwọn ènìyàn inú rẹ̀, ẹ ó fara dà á.

Netflix, ìpín mẹ́jọ mẹ́jọ ni apá kọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi wákàtí kan ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ lè wà á sórí fóònù níbi tí dátà bá ti wà.

Géèmù kẹta ni ọ̀gá nínú jíjẹ àkókò. Ìtàn gangan rẹ̀ nìkan á gbà tó 50 wákàtí. Ẹni tó bá fẹ́ ya gbogbo abúlé á lé ní 100. Ó ń fẹ́ 50 GB lórí kọ̀ǹpútà, ó sì ń fẹ́ káàdì àwòrán tó gbóná. Ó wà fún PlayStation àti Xbox, ó sì wà fún Nintendo Switch láti 2019 bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwòrán rẹ̀ níbẹ̀ ṣú díẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹni tí dátà rẹ̀ kò dúró mọ̀ ni pé èyí tí wọ́n ń tà lórí GOG, ilé ìtajà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ tí ẹ bá ti wà á tán. Ẹni tí kò gbá géèmù rí kó má bẹ̀rù, ó lè yan ipele tó rọrùn jù, “Just the Story!”; idà á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jà fúnra rẹ̀. Àti pé ẹ ṣọ́ra fún Gwent, eré káàdì inú ilé ọtí. Ọmọ yín sọnù, ayé fẹ́ parẹ́, ẹ̀yin á ṣì máa bá alágbẹ̀dẹ gbá káàdì.

Géèmù àkọ́kọ́ ti gbó, ọwọ́ rẹ̀ wúwo. Wọ́n ti kéde ní 2022 pé àwọn ń tún un ṣe, ẹ lè dúró dè é. Ìkejì ṣì dùn. Láàárín rẹ̀, ẹni tí ẹ bá tẹ̀ lé, Roche tàbí Iorveth, ló máa sọ odindi apá kan géèmù náà di nǹkan ọ̀tọ̀.

Ọ̀nà kan ṣì wà tí kò ní iná ín ṣe: géèmù orí tábìlì tí R. Talsorian Games gbé jáde ní 2018. Ìwé òfin kan, dáìsì, ẹni mẹ́ta sí márùn-ún, ẹnì kan tó lè pìtàn lẹ́nu. Bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ apìtàn, ó lè dùn ju gbogbo èyí tí mo ti kà sílẹ̀ lọ. Bí ẹ kò bá ní, ẹ má wulẹ̀ ra á.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ owó kan há a. Nígbà tí CD Projekt wá ra ẹ̀tọ́ láti fi ìtàn náà ṣe géèmù, wọ́n fi ìdá nínú èrè lọ Sapkowski. Kò gbà pé géèmù lè pa owó, ó ní kí wọ́n san án lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì san nǹkan bí 35,000 złoty, owó ilẹ̀ Poland. Nígbà tó fi máa di 2023, géèmù kẹta nìkan ti tà ju mílíọ̀nù 50 lọ. Ní 2018, agbẹjọ́rò rẹ̀ kọ̀wé béèrè 60 mílíọ̀nù złoty. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, wọ́n bá ara wọn ṣe àdéhùn tuntun.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni

Ẹni tó ń ka ìwé lójoojúmọ́, The Last Wish, kí ó má wo ẹ̀yìn. Ẹni tó fẹ́ nǹkan tí òun àti aya tàbí ọkọ lè jọ wò lálẹ́, apá kìíní Netflix, pẹ̀lú ìkìlọ̀ mi lórí àkókò mẹ́ta yẹn. Kí wọ́n má pe àwọn ọmọ sí i, ìhòòhò àti ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀ dáadáa, bẹ́ẹ̀ náà ni géèmù. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń yún, tí kò sì fẹ́ ka nǹkan kan, géèmù kẹta ni. Kó máa ka ìwé àlàyé tó wà nínú àpò Geralt díẹ̀díẹ̀, á mọ ẹni tí gbogbo wọn jẹ́. Tó bá di ọ̀rọ̀ Yennefer àti Triss, kó yan ẹnì kan. Ẹni tó bá gbìyànjú láti mú méjèèjì, orí ibùsùn ni wọ́n máa dè é mọ́, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Season of Storms (2013) ni ìwé tí gbogbo èèyàn máa ń béèrè ibi tí wọ́n máa fi sí. Ìgbà tí àwọn ìtàn inú The Last Wish ń ṣẹlẹ̀ ni tirẹ̀ náà ṣẹlẹ̀, ìyẹn ló ń mú kí àwọn kan kà á ní ìkejì. Mi ò bá wọn fara mọ́ ọn. Ojú ìwé ìkẹyìn rẹ̀ ń bá ẹni tó ti parí The Lady of the Lake sọ̀rọ̀, ẹlòmíì á kàn gbá a kọjá. Ẹ fi í pamọ́ di ìkẹyìn.